Ọjọ́ Tí A Ń Gbé Ọkọ̀ Wa Gòkè ní Chesapeake

Àwọn tó máa ń kọ̀wé sí ojú ewé ìrìnàjò yìí sábà máa ń mú wa lọ sí ibi tó jìnnà. Tiwa lónìí kò jìnnà rárá. Láti apá àríwá Baltimore tí à ń gbé dé ibi tí a fẹ́ mú yín lọ, kò ju bí ìṣẹ́jú 40 lọ nínú mọ́tò. A kò sì lọ gbafẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ la ń lọ ṣe, iṣẹ́ ọ́ìlì àti gíríìsì, a sì ti ń ṣe é ní oṣù kẹwàá ọdọọdún láti ọdún 2016.

Ìdílé mẹ́ta ni àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí. A dáwó jọ bí ẹni ń dá àjọ, a fi ra ọkọ̀ ojú omi kan tí ẹlòmíràn ti lò. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 22, kì í sì í gbà wá tán lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ti sọ wá ní òyìnbó dúdú nítorí rẹ̀. A kò bínú. Ẹni tó bá ti rí i bí ọmọ tí a bí sí Amẹ́ríkà ṣe lè jókòó ti bàbá rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin gbáko láìwo fóònù, yóò mọ ìdí tí a fi rà á. Ẹni tí a ní kó kọ èyí lórúkọ gbogbo wa, akáńtáǹtì ni. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé a ń ka owó níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń ka ẹyẹ, ẹ má bínú, iṣẹ́ wa ni.

Ọ̀NÀ TÍ À Ń GBÀ

Tẹ́lẹ̀ rí, afárá Francis Scott Key là ń gbà kọjá odò Patapsco. Ọdún 1977 ni wọ́n ṣí i. Bí ènìyàn bá dé góńgó orí rẹ̀, yóò rí èbúté Baltimore lápá ọ̀tún pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ gíga tó ń já ẹrù, yóò sì rí omi tó tẹ́ lọ salalu lápá òsì. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti máa ń pariwo pé, “A ti rí i o!”

Ní òru ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2024, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan tó ń jẹ́ Dali ń jáde ní èbúté. Iná mànàmáná inú rẹ̀ kú, ọkọ̀ kò gbọ́ ti ẹni tó ń tù ú mọ́, ó sì lọ kọlu òpó afárá náà. Afárá wó sínú odò. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà tó ń dí kòtò ojú títì lórí rẹ̀ ni ó kú. Aṣíkiri bíi tiwa ni wọ́n, láti Mexico, Guatemala, Honduras àti El Salvador. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe kí ọ̀nà lè dára fún àwa tí a ó gbà á láàárọ̀. Kí Ọlọ́run tu àwọn ará ilé wọn nínú.

Láti ìgbà náà, ọ̀nà abẹ́ odò là ń gbà. A kì í rí nǹkan kan mọ́ títí a ó fi jáde lódì kejì, tí a ó sì yà sí ìyawọ́ omi tí wọ́n ń pè ní Bodkin Creek, lẹ́bàá ibi tí odò Patapsco ti ń wọ inú ọ̀sà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ wa wà.

Ọ̀sà Chesapeake gùn tó nǹkan bíi máìlì 200, láti Havre de Grace ní àríwá Maryland títí dé ibi tó ti bá òkun Àtìláńtíìkì pàdé ní Virginia. Bó ṣe gùn tó yìí, kò jìn. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, ìpíndọ́gba ìjìn rẹ̀ kò ju bí ẹsẹ̀ bàtà 21 lọ. Ibòmíràn wà tí ọkùnrin gíga lè dúró kí orí rẹ̀ yọ síta. Omi rẹ̀ kì í ṣe omi òkun pátápátá, kì í sì í ṣe omi odò. Bí a bá ṣe ń lọ sí gúúsù ni iyọ̀ inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá mọ ọ̀sà wa nílé, tó mọ̀ pé omi Ẹ̀pẹ́ kò rí bákan náà pẹ̀lú omi ẹ̀bá Marina l'Ékòó, ti mọ ohun tí à ń wí. Àwọn akàn aláwọ̀ búlúù tí Maryland fi lókìkí, inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe dáadáa. Ìgèrè akàn sì pọ̀ níbẹ̀ bí ewé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní okùn àti bọ́ọ̀lù tó léfòó sójú omi. Ẹ fi okùn yẹn sọ́kàn.

ẸSẸ̀ Ọ̀KỌ̀

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ọkọ̀ náà fún ẹni tí kò wọ irú rẹ̀ rí. Ẹ́ńjìnnì bíi ti mọ́tò ló ní, inú ọkọ̀ ló sì jókòó sí, lápá ẹ̀yìn. Fáànù tó ń ti ọkọ̀ síwájú wà níta, nínú omi. Ohun tó so àwọn méjèèjì pọ̀ ni àwọn ará ibí ń pè ní sterndrive. Àwa ń pè é ní ẹsẹ̀ ọkọ̀, nítorí pé ó rọ̀ sísàlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Agbára ẹ́ńjìnnì á gba inú ògiri ẹ̀yìn ọkọ̀ kọjá, jíà á yí i sísàlẹ̀, jíà mìíràn á tún yí i sẹ́yìn, fáànù á sì máa pòyì. Ẹsẹ̀ yìí kan náà là ń yí sọ́tùn-ún sósì láti fi darí ọkọ̀, a sì lè ká a sókè bí omi kò bá jìn. Ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ Volvo Penta gbé tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, Aquamatic ni wọ́n sọ ọ́. MerCruiser tẹ̀lé e ní 1961. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó tó ìwọ̀n tiwa ló ń lò ó.

Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú ọgbọ́n náà: wọ́n lu ihò sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ihò ọ̀hún sì wà nísàlẹ̀ ojú omi! Kí ló dí i? Róbà ni. Ọ̀rọ̀ a máa dé orí róbà yìí láìpẹ́.

ÀRÍYÀNJIYÀN ỌDÚN 2024

Ní ọdún tí afárá wó yẹn, a kò fi bẹ́ẹ̀ lo ọkọ̀ náà. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ni wọ́n tó ṣí ojú ọ̀nà ọkọ̀ ńlá náà tán pátápátá. Ìdílé kan nínú wa ṣe ìgbéyàwó ọmọ, òmíràn lọ sin ìyá wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí oṣù kẹwàá fi dé, wákàtí 27 péré ni ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́. Ni ẹni tó kéré jù nínú àwa bàbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dá a lábàá pé kí a fo ọdún náà.

“Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ tí kò rìn, kí ló fẹ́ bàjẹ́ lára rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká bò ó mọ́lẹ̀ ká lọ sùn. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, a ó ṣe ti ọdún méjì pọ̀.”

Èyí tó dàgbà jù dá a lóhùn pé, “Àbúrò, ọ́ìlì kì í ka wákàtí nìkan, ó ń ka oṣù pẹ̀lú. Ìwé ọkọ̀ sọ pé wákàtí 100 tàbí ọdún kan, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé.”

“Ṣé kì í ṣe ẹni tó kọ ìwé yẹn náà ló ń ta ọ́ìlì ọ̀hún?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín pátápátá. Owó ni, ìná lọ́tùn-ún ìná lósì ni ọdún yẹn, àbúrò wa kò sì sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n, tí kò tíì sọ nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀, ló bi wá pé, “Ọmọ ta ni ẹ fẹ́ fi dán an wò lọ́dún tó ń bọ̀?” Ọ̀rọ̀ bá tán. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, a lọ gbé ọkọ̀ gòkè.

OHUN TÍ ỌMỌ WA RÍ

Ẹ̀rọ agbọ́kọ̀ kan wà ní èbúté náà, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, táyà sì wà nídìí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń rìn wá dúró gágá sórí omi. Wọ́n á ti bẹ́líìtì fífẹ̀ méjì sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n á sì rọra gbé e sókè bí ìyá ṣe ń fi ọ̀já gbọ́mọ pọ̀n. Omi á máa ro tótótó. Ìgbà yẹn ni ènìyàn tó ń rí ìdajì ọkọ̀ rẹ̀ tí kò rí láti oṣù kẹrin: èèhọ̀n omi, ìkarahun wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ́ìlì ni à ń kọ́kọ́ wò. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní ọ́ìlì jíà tirẹ̀, ọ̀tọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì. Ìdérí oníyíyí kan wà nísàlẹ̀, ọ̀kan wà lókè. A ó gbé bọ́ọ̀lù sábẹ́, a ó tú ti ìsàlẹ̀, a ó wá tú ti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí ọ́ìlì sì máa dà. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu ọ́ìlì yìí fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbọ́. Bó bá dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, jíà ti gbóná jù. Bí eruku irin kíún bá lẹ̀ mọ́ ìdérí ìsàlẹ̀, kò burú. Bó bá jẹ́ èérún irin tí ìka lè ṣà, eyín jíà ti ń jẹ nìyẹn. Bí ọ́ìlì bá sì funfun, omi ti wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀.

Ọmọ wa obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló tú ìdérí náà lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, “Dádì, ẹ wá wò ó o. Ó dà bí ògì.”

Àwa bàbá mẹ́ta dúró yí bọ́ọ̀lù náà ká, kò sẹ́ni tó fọhùn. Ó funfun bí ògì lóòótọ́. Ọkọ̀ tí kò rìn!

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní a bò ó mọ́lẹ̀. Omi tó bá di yìnyín máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Nígbà òtútù Maryland, omi tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò di yìnyín, kò ní rí ibi fẹ̀ sí, yóò sì sán ara irin náà bí ìgò ọtí tí a gbàgbé sínú fìríjì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà jáde ni omi mìíràn yóò gbà wọlé. Bí jíà bá sì há láàárín ọ̀sà, tí ìjì ọ̀sán ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn bó ti sábà máa ń ṣe nínú oṣù keje, tí ọmọ mẹ́rin wà nínú ọkọ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó mọ́.

Ibo ni omi ti wọlé? A tú fáànù kúrò. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ìdí ṣáàfùtì, okùn ìwọ̀ ti wé mọ́ ọn, irú okùn ọ̀rá tín-ín-rín tí àwọn apẹja ọjọ́ ìsinmi ń lò. Ènìyàn kì í mọ ìgbà tí fáànù ká irú rẹ̀. Ó wé, ó gbóná, ó yọ́, ó sì jẹ ojú ọ́ìlì síìlì, róbà pẹlẹbẹ kékeré tó ń dá omi dúró síta tó sì ń dá ọ́ìlì dúró sínú. Okùn ìgèrè akàn a máa ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó nípọn, kíá lèèyàn á mọ̀ pé ó ti há. Èyí tó tín-ín-rín ló burú.

Bàbá mẹkáníìkì kan wà ní èbúté náà, àgbàlagbà tó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ nídìí ìpẹja akàn. Ó fọn afẹ́fẹ́ sínú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, ó sì fi omi ọṣẹ pa ìdí ṣáàfùtì. Ìfóófòó yọ níbẹ̀ wẹ́wẹ́, ó sì hàn kedere pé ibẹ̀ nìkan ló ń jò. Ó pa síìlì náà dà. Owó tí a san kò tó ìdá mẹ́wàá iye tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tuntun ń jẹ́. Àbúrò wa fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sápò.

Bí ẹ bá fẹ́ rọ ọ́ìlì tuntun, ẹ má rọ ọ́ láti òkè o, afẹ́fẹ́ á há sínú rẹ̀, ẹ ó rò pé ó ti kún. Láti ihò ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fún un wọlé títí yóò fi yọ ní ihò òkè láìsí ìfóófòó. Ẹ kọ́kọ́ dé ti òkè, kí ẹ tó yọ pọ́ǹpù, kí ẹ sì yára dé ti ìsàlẹ̀. Ẹ pa wáṣà ìdérí méjèèjì dà nígbà gbogbo. Sẹ́ńtì díẹ̀ ni wọ́n ń tà á.

ẸWÌRÌ RÓBÀ

Ó wá kan róbà tó dí ihò ẹ̀yìn ọkọ̀. Bellows ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá dàgbà sí ìtòsí ilé alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé ẹwìrì nìyẹn. Ó sì jọ ọ́ lóòótọ́: róbà oníṣẹ́po-ṣẹ́po ni, tó ń fẹ̀ tó ń sún kì bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti ń yí sọ́tùn-ún sósì. Inú èyí tó tóbi jù ni ṣáàfùtì àti jọ́ìntì rẹ̀ wà, irú jọ́ìntì tó wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Kékeré mìíràn sì wà tí wáyà tó ń yí jíà gba inú rẹ̀ kọjá.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kì í ráyè wọ ibẹ̀. Ní ọdún 2019, ọkọ̀ kan tí wọ́n so ní ìdúró kejì sí tiwa rì síbi tí wọ́n so ó mọ́. Kò sí ìjì, kò sí ẹni tó gbá a. Ẹwìrì kékeré tó wà lára wáyà jíà ló ya. Omi ń wọlé díẹ̀díẹ̀, pọ́ǹpù inú ọkọ̀ ń gbọ́n ọ́n dànù tọ̀sán-tòru, kò sẹ́ni tó mọ̀. Lọ́jọ́ tí bátìrì kú ni ọkọ̀ rì. Nígbà tí olówó rẹ̀ dé lọ́jọ́ Jímọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, gíláàsì iwájú nìkan ló ṣẹ́kù lókè omi. Wọ́n dúró lórí pákó pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lọ́wọ́.

Nítorí náà, ọdọọdún la ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ sọ́tùn-ún pátápátá, a ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan, a ó tún yí i sósì. Ìsàlẹ̀ ìṣẹ́po ni róbà ti ń kọ́kọ́ sán, kì í ṣe orí rẹ̀. Bó ti wù kó dára lójú tó, a kì í jẹ́ kó ju ọdún mẹ́ta lọ kí a tó pa á dà. Ọjọ́ tí a bá yọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kúrò, a ó fi gíríìsì sí jọ́ìntì, sí bẹ́ríǹgì tó wà nínú ògiri àti sí eyín ṣáàfùtì. Bẹ́ríǹgì tó bá ń dún gìrì-gìrì bí iyanrìn nígbà tí a fi ìka yí i, omi ti bà á. Bí a bá sì ń tọ́jú ọkọ̀ sílẹ̀ fún òtútù, a kì í ká ẹsẹ̀ sókè. Ìsàlẹ̀ là ń fi í sí, kí omi inú rẹ̀ lè ro jáde, kí ẹwìrì má sì wà ní nínà fún oṣù mẹ́fà.

Ohun mìíràn ni búlọ́ọ̀kù irin kéékèèké tí wọ́n dè mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, anode ni wọ́n ń pè wọ́n. Alumíníọ́ọ̀mù ni ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bó bá wà nínú omi pẹ̀lú irin mìíràn, ìpẹtà á máa jẹ ẹ́. Wọ́n wá fi irin tó tètè ń jẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ìpẹtà lè máa jẹ ìyẹn ná. Ẹ má rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Síǹkì ni ti omi òkun, màgníṣíọ́ọ̀mù ni ti omi tí kò níyọ̀ rárá. Fún omi àárín méjì bíi ti Chesapeake, oní-alumíníọ́ọ̀mù ló bá a mu. Bó bá ti jẹ dé ìdajì, ẹ pa á dà. Ẹ má sì kùn ún lọ́dà, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀dà oníbàbà tí wọ́n fi ń kun abẹ́ ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ kan ẹsẹ̀ ọkọ̀, torí bàbà á mú kí alumíníọ́ọ̀mù tètè jẹrà.

Ìkẹyìn ni róbà inú pọ́ǹpù tó ń fa omi sókè láti fi tu ẹ́ńjìnnì lára. Ó ní ìka yíká bí ìràwọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣiṣẹ́ láìsí omi, kíá ni àwọn ìka náà á jóná. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan ọkọ̀ tó wà lórí ilẹ̀ wò “díẹ̀” láìfi ọ́ọ̀sì omi sí i.

FELLS POINT

Bí a bá ṣe tán, tí a fọwọ́, tí a jẹun, a kì í gba ilé lọ tààrà. A máa ń kó àwọn ọmọ gba Fells Point, àdúgbò àtijọ́ létí omi Baltimore, níbi tí ilé àkójọ ìtàn kan wà láti ọdún 2006 tí wọ́n fi orúkọ Frederick Douglass àti Isaac Myers pè. Ó yẹ kí gbogbo ìdílé ẹgbẹ́ wa débẹ̀.

Gbogbo wa la mọ Douglass gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bá ìfiniṣẹrú jà. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé adíhò-ọkọ̀ ni. Ẹrú ni ní Baltimore nígbà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi fọ́nrán okùn àti ọ̀dà dí àárín pákó ọkọ̀ kí omi má baà wọlé. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé òun máa ń gba dọ́là kan àti ààbọ̀ lójúmọ́, tí ọ̀sẹ̀ mìíràn á sì jẹ́ dọ́là mẹ́sàn-án, tí olówó òun á sì gba gbogbo rẹ̀. Àwa tí a ń fi ìṣirò jẹun, a ti bá àwọn ọmọ ṣe é: ọjọ́ mẹ́fà lọ́nà dọ́là kan ààbọ̀. Ó pé géérégé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1838, ó múra bí atukọ̀, ó sì sá lọ sí òmìnira.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ní 1865, àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun daṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè lé àwọn adíhò-ọkọ̀ dúdú kúrò ní ibi iṣẹ́. Isaac Myers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jókòó sunkún. Wọ́n ta ìpín fún àwọn ènìyàn wọn ní dọ́là 5, dọ́là 5, títí ó fi pé dọ́là 10,000. Òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ Chesapeake Marine Railway and Dry Dock Company. Marine railway ni irin bíi ti rélùwéè tó wọ inú omi, tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ jáde kí wọ́n lè tún abẹ́ rẹ̀ ṣe. Ilé iṣẹ́ náà wà títí di ọdún 1884. Ṣé ẹ rí i? Ohun tí à ń sanwó fún ní Bodkin Creek, kí wọ́n gbé ọkọ̀ gòkè kí ihò tó di ńlá, òun gan-an ni àwọn aláwọ̀ dúdú Baltimore dáwó jọ láti máa ṣe.

ÌṢIRÒ WA

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń wádìí ìjàǹbá, NTSB, sọ ohun tí wọ́n rí nídìí ọ̀rọ̀ Dali. Ọkọ̀ náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 984. Wáyà kan ṣoṣo ni kò wọlé dáadáa sí ojú ibi tó yẹ kó wọ̀, nítorí pé lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi kọ orúkọ sí i kò jẹ́ kó wọlé tán. Nígbà tó yọ, iná kú. Gbogbo wa ka ìròyìn náà, àbúrò wa sì fi ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan péré: “Ògì.”

Nínú ìwé ìṣirò ọkọ̀ wa, ojú ìlà ohun tí a ná wà. Ó gùn díẹ̀, a sì ń fi han ìdílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní oṣù kejìlá: owó agbọ́kọ̀, ọ́ìlì, wáṣà, ẹwìrì, anode, owó ọwọ́ bàbá mẹkáníìkì. Ohun tí a kò ná nítorí pé a tètè wò ó kò ní ojú ìlà. Kò sí akáńtáǹtì tó lè kọ iye ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí kò sán, tàbí ọjọ́ Jímọ̀ tí ọmọ kò fi dúró lórí pákó pẹ̀lú kúlà lọ́wọ́. Òun ló ń mú kí ó rọrùn fún ènìyàn láti sọ pé kí a fo ọdún kan. Láti ọdún 2024, a ti ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ ṣáájú owó epo. Bí owó epo bá tán, a ó jókòó sílé.

Bí ìdílé mìíràn nínú ẹgbẹ́ bá ń ronú àtira irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ wá wa kàn kí ẹ tó sanwó. Ẹ ní kí olówó ọkọ̀ tú ìdérí ìsàlẹ̀ lójú yín kí ẹ rí àwọ̀ ọ́ìlì. Ẹ bèèrè ọdún tí ó pa ẹwìrì dà kẹ́yìn, kí ẹ sì ní kó mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá. Bí kò bá rántí, ẹ ṣírò owó ẹwìrì tuntun mọ́ iye tí ẹ ó san. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí a bí lẹ́yìn oṣù kẹfà ọdún 1972, ẹ rántí pé òfin Maryland ní kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí ààbò kí ẹ tó wa ọkọ̀.

Ní oṣù kẹrin, bí òtútù bá ti rọlẹ̀, a ó tún sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sómi, àyè mélòó kan á sì wà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ bá wa jáde. Ẹ mú aṣọ ìlélefòó tó bá ọmọ yín mu wá. Ti àgbà kò wúlò fún ọmọdé. Bí ẹ bá sì fẹ́ bá wa ṣe iṣẹ́ oṣù kẹwàá, ẹ wọ aṣọ tí ẹ kò fẹ́ràn mọ́. A ó pèsè súpánà, a ó sì se ìrẹsì.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ ká rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ó dìgbà o.